Ẹni tó wo pépà kò tíì wo alùpùpù

Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí pé alùpùpù mi yẹ lójú títì, taya iwájú kò sí lára rẹ̀. Orí bíríkì ni ó jókòó lé lẹ́yìn ilé mi ní Ìdímù, bí àgbàlagbà tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì mi, tí mò ń pè ní Ọ̀gá, ti yọ taya náà láti àárọ̀, ó ní sípókì méjì ti ṣẹ́ nínú rẹ̀. Èmi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn bèèrè nọ́ńbà alùpùpù, ó bèèrè orúkọ mi, ó gba owó. N kò tíì mu omi inú ọ̀rá tí mo rà tán tí ó fi pè mí pé, "Mọ́mì, ó ti délẹ̀." Ìwé náà ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ, ó funfun báláú. Ó jẹ́rìí pé wọ́n ti yẹ alùpùpù mi wò, ó sì dára láti gùn fún odidi ọdún kan.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, ojúlówó ni."

Ojúlówó ni lóòótọ́. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ ayédèrú ni, ǹ bá mọ ibi tí mo máa gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ. Ojúlówó ìwé tó ń jẹ́rìí ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, mẹkáníìkì mi jókòó sórí pákó, taya wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣí họ́ọ̀bù rẹ̀. Kò kí mi tán tó fi na bírékì ṣúù kan sí mi. "Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ohun tí ẹ ń gùn." Awọ líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ṣúù náà ti ń ṣí kúrò lápá kan, bí èépá tó fẹ́ bọ́ lójú egbò. Mo ki èékánná bọ abẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Ọ̀gá ṣàlàyé pé bí awọ yẹn bá já nígbà tí mo bá ń sáré bọ̀, ó lè há sínú họ́ọ̀bù, kí taya iwájú dúró gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà. Alùpùpù tí taya iwájú rẹ̀ bá dúró báyẹn kò ní gbé ẹni tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìwé tó ní alùpùpù mi dára wà nínú báàgì mi. Bírékì alùpùpù náà wà lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà lọ́kàn mi: àyẹ̀wò tí wọn kò ṣe, tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn ṣe, burú ju kí àyẹ̀wò má sí rárá lọ. Ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí á máa fura. Á fa bírékì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde nílé. Ẹni tó níwèé lọ́wọ́ ti fọkàn balẹ̀ lórí ohun tí ẹlòmíràn kò wò.

Wolé-wolé ni bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ìlaròó ló ti ṣiṣẹ́ jù, òun náà ló sì ra alùpùpù tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ọdún 1982, Honda CG125 pupa. Àwọn tó ti dàgbà nínú yín yóò rántí àwọn wolé-wolé, aláṣọ káàkí, tí wọ́n máa ń kanlẹ̀kùn ní ìdájí. Bàbá mi kì í bi onílé léèrè bóyá omi ilé rẹ̀ mọ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ìkòkò omi, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Á dé ṣáláńgá. Á dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bó bá rí ohun tí kò tọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á dá ọjọ́ tí òun yóò padà wá, ó sì máa ń padà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan máa ń sá fún un, kò wù wọ́n kó wá. Ṣùgbọ́n bó bá ní ilé kan mọ́, kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé ilé náà mọ́. Orúkọ iṣẹ́ ọ̀hún ti sọ gbogbo rẹ̀. Wolé-wolé ni, ilé ni wọ́n ń wò. Wowé-wowé ló kún ojú títì wa báyìí.

Èmi náà kò yà kúrò lójú ọ̀nà bàbá mi. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó dá lẹ́sẹ̀. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa ni pé kí nọ́ọ̀sì má ṣe kọ ìwọ̀n ìgbóná ara tí kò wọ̀n. Bí nọ́ọ̀sì bá jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ 37 sínú káàdì gbogbo aláìsàn, káàdì á dára lójú, kò ní sí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́, aláìsàn tí ibà ń jó á sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti dúró ti ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ń fọ egbò wọn, mo máa ń bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọn kì í sọ pé àwọn kò níwèé. Ohun tí etí mi gbọ́ lágbọ̀ọ́túngbọ́ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo fà á, kò mú." Bírékì ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àyẹ̀wò alùpùpù àtijọ́ ṣe ń rí, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tó le tàbí ohun tó gbówó lórí ni mò ń béèrè. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ẹ̀gbẹ̀dá wá sí Ìdímù ni mẹkáníìkì mi ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan. Bírékì ló máa ń kọ́kọ́ wò. Honda fi ọfà kékeré kan sára ìdérí họ́ọ̀bù. Bí èèyàn bá fa bírékì tán tí ọfà náà bá dé ojú àmì, ṣúù ti jẹ tán nìyẹn. Ọ̀gá kì í fi ti ọfà nìkan ṣe. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọfà kò tíì dé ojú àmì, nítorí awọ ṣúù ṣì nípọn. Kì í ṣe pé ó jẹ tán, ńṣe ló ń ṣí. Ẹni tí kò bá tú u kò lè mọ̀.

Lẹ́yìn bírékì, á fi sípánà kékeré kan sípókì lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ́tí sí i, bí onígángan tó ń wá ohùn ìlù rẹ̀. Èyí tó fún dáadáa á dún gooro. Èyí tó ti tú á dún bí ẹni lu pákó. Lẹ́yìn náà á gbé iwájú alùpùpù kúrò nílẹ̀, á di fọ́ọ̀kì mú nísàlẹ̀, á tì í, á fà á. Bó bá gbọ́ kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bọ́ọ̀lù inú ọrùn rẹ̀ ti jẹ nìyẹn, alùpùpù yóò sì máa jà lójú ọ̀nà tí kòtò bá wà. Á fi ìka gbé ṣéènì sókè, á wo bó ṣe dẹ̀ tó. Á wo eyín irin tí ṣéènì ń yí lé, bóyá ó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Á tan iná iwájú àti iná ẹ̀yìn, á fa bírékì ọwọ́, á tẹ bírékì ẹsẹ̀, á wò ó bóyá iná ẹ̀yìn dá méjèèjì lóhùn.

Taya ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹ̀gbẹ́ taya ní nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sínú àmì kan bí ẹyin. Bí ẹ bá rí 2311 níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe taya náà. Mo ti ra taya rí lọ́jà tó ń dán, tí gbogbo ojú rẹ̀ ṣì pé. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ níwájú mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là pẹ́pẹ̀pẹ́ bí ẹsẹ̀ tó gbẹ lásìkò ọyẹ́. Ó ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí kí n tó rà á. Tuntun ni ojú mi rí, òkú taya ni ọwọ́ Ọ̀gá bá.

Gbogbo èyí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ojú, ọwọ́, etí àti sípánà ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ń kọ́? Ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ ìwé funfun yẹn, mo fẹsẹ̀ ara mi gbé Honda bàbá mi lọ fún àyẹ̀wò níbòmíràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ taya méjèèjì, bírékì rẹ̀ mú ṣáṣá, iná rẹ̀ pé. Ẹni tó dá mi lóhùn dúró lókèèrè, ó wo ọdún tó wà nínú ìwé, ó ní, "Mọ́mì, 1982? Èyí ti kú. Ẹ lọ ra tuntun." Kò fa bírékì. Kò tan iná. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọjọ́ tí alùpùpù mi dá ṣáṣá ni wọ́n lé e padà. Ọjọ́ tí bírékì rẹ̀ ń ṣí tí taya rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ ni wọ́n fún un níwèé. Ẹni tó gbà á láìwò ó àti ẹni tó kọ̀ ọ́ láìwò ó, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì kò ṣe.

Ogbó kì í ṣe àrùn. Ní wọ́ọ̀dù, mo ti rí ẹni ọgọ́rin ọdún tó dìde rìn kí géńdé tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè jókòó. Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé CG125 jáde, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ilẹ̀ tí eruku ti pọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti fáàfù rẹ̀ ṣí, dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó nílò ìtọ́jú púpọ̀. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi wá bá wa nílé: ọdún 1979 ni wọ́n dá Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí wa ní Alímọ̀ṣọ́ rárá. Alùpùpù tí wọ́n fi sùúrù ṣe báyẹn, tí wọ́n sì ń tọ́jú, lè ju ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ láyé. Bàbá mi ti lọ, Honda rẹ̀ ṣì ń gbé mi lọ sí Ìkòtún ra ẹ̀fọ́ ní ìdájí ọjọ́ Sátidé.

Ẹ wá lọ dúró ní ibùdókọ̀ Ìdímù ní agogo méje àárọ̀, kí ẹ wo àwọn alùpùpù tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n ti yọ dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè raápálá láàárín mọ́tò. Ẹ ó rí èyí tí wáyà bírékì iwájú rẹ̀ ti já tí wọ́n sì so ó rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọlọ́kadà ti gbà pé bírékì iwájú ló ń dá èèyàn lulẹ̀. Ẹ ó rí iná ẹ̀yìn tí wọ́n fi ọ̀rá dì. Ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n ń gun ẹ̀yìn wọn lọ sí Ìṣẹri-Ọ̀ṣun, ọmọ iléèwé méjì-méjì ń gùn wọ́n lọ sí Ìkòtún. Bó bá jẹ́ ọdún nìkan la fẹ́ fi ṣèdájọ́, gbogbo àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ.

Ọ̀rọ̀ Alímọ̀ṣọ́ tilẹ̀ tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi mẹ́rin kún un: Kòsọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Tiwa kò sí nínú mẹ́wàá náà. Ẹni tó bá mọ bí àdúgbò wa ṣe rí yóò mọ̀ pé láìsí ọ̀kadà, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò máa fẹsẹ̀ rìn láti ojú ọ̀nà ńlá dé ilé nínú ẹrẹ̀. N kò bá ìjọba jà lórí ohun tí wọ́n ṣe ní Ìkẹjà. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbi tí wọ́n bá ti fi alùpùpù sílẹ̀ lójú títì, àyẹ̀wò gidi nìkan ló kù tí yóò dáàbò bo ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àyẹ̀wò yẹn bá ti di títa ìwé, kò sí ohunkóhun láàárín wa àti kòtò.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Kí la rí lójú títì? Àwọn kan dé igbá. Àwọn kan dé ike ọ̀dà. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, n kò sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí títì ń fi orí ṣe. Igbá jọ akoto lókèèrè, ẹ̀ṣọ́ tó dúró lókèèrè lè jẹ́ kí wọ́n kọjá. Orí tó wà nínú igbá ni kò lè tan títì jẹ. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, igbá ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà sì ní alùpùpù àtijọ́ kan, àrùn ìdílé wa ni. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́wàá nìkan ló kàn. Nígbà tó di 1967, wọ́n mú un wá sí ọdún mẹ́ta. Gáréèjì aládàáni tí ìjọba fún láṣẹ ló ń ṣe é, kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba nìkan. Bí ọkọ̀ bá kùnà, wọn yóò kọ ohun tó mú un kùnà sílẹ̀. Bó bá yege ṣùgbọ́n tí nǹkan kan ń jẹ lọ, wọn yóò kọ ìyẹn náà pé kí ẹni tó ni ín máa kíyè sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ lè wo ìtàn àyẹ̀wò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, máìlì tó ti rìn, ohun tó kùnà lé lórí. Ẹni tó fẹ́ parọ́ yóò parọ́ náà lójú gbogbo ayé.

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé àwọn òyìnbó náà ti dá ọkọ̀ àtijọ́ sí. Òótọ́ ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tàbí alùpùpù tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò sì yí ìṣe rẹ̀ padà, kò pọndandan kó ṣe MOT mọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò dá ẹni tó ni ín sí: ó ṣì gbọ́dọ̀ rí i pé ọkọ̀ náà dára kó tó gbé e jáde. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ohun ìfẹ́ ni alùpùpù ogójì ọdún. Wọ́n ń nù ún, wọ́n ń fi aṣọ bò ó, wọ́n ń gùn ún lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Lọ́dọ̀ wa, irú rẹ̀ ṣì ń ru àpò gaàrí, ó ń ru mẹ́ta lẹ́yìn, ó ń wọ inú àgbàrá ní oṣù keje. A kò gbọ́dọ̀ mú apá tó rọrùn nínú òfin wọn kí a fi apá tó ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ọlọ́kadà yóò sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Mọ́mì, àyẹ̀wò tí ẹ ń wí yìí, ẹ̀gúnjẹ mìíràn lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ fún wọn yẹn." Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé àwọn V.I.O., ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kò láṣẹ láti máa dá ọkọ̀ dúró lójú títì, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e, inú àwọn èèyàn dùn títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ni ẹjọ́ náà kàn. Mo gbọ́ ìdùnnú náà, ó sì bà mí nínú jẹ́. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbà wá lọ́wọ́ ikú ojú ọ̀nà ni a ń dúpẹ́ pé wọn kò ní dá wa dúró mọ́. Ẹni tí a pè kó wá fẹ́ wa lójú, tó bá ti fi ata sẹ́nu, ta ni yóò tún gbé ojú fún un?

Nítorí náà n kò ní kí wọ́n máa dá èèyàn dúró lójú títì. Ohun tí mò ń béèrè kò ju mẹ́rin lọ.

Àkọ́kọ́, kí ọwọ́ má ṣe tẹ ìwé yíyẹ alùpùpù kankan tí alùpùpù náà kò bá sí níbẹ̀. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi àyẹ̀wò, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye kìlómítà tó ti rìn, kí fọ́tò náà wà lára ìwé ọ̀hún. Ìjọba Èkó ti kọ́ ibùdó àyẹ̀wò oníkọ̀ǹpútà, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára jù láyé kò lè yẹ ohun tí wọn kò gbé wá síwájú rẹ̀ wò.

Ìkejì, kí ìwé náà sọ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn, kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án sì wà níbẹ̀. Bírékì iwájú: ó kù báwo? Taya: ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Ọrùn: ó ń dún àbí kò dún? Ìwé tó kàn ní "ó dára" kò sọ nǹkan kan.

Ìkẹta, kí wọ́n má ṣe gba alùpùpù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ogbó rẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe gbà á nítorí àléébù tí a lè tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á kọ àléébù sílẹ̀, á dá ọjọ́, á padà wá. Ọlọ́kadà tó mọ̀ pé wọn kò ní gba oúnjẹ ọmọ òun kúrò lọ́wọ́ òun yóò gbé alùpùpù rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

Ìkẹrin, kí wọ́n lo àwọn tó mọ iṣẹ́. Wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà, ìjọba ìbílẹ̀ kan àti ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè márùn-ún, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn mẹkáníìkì alùpùpù wà tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ ohùn sípókì. Kí ìjọba dán wọn wò, kí wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí ohun tó kù, kí wọ́n fún àwọn tó yege láṣẹ láti máa ṣe àyẹ̀wò ní gáréèjì ọlọ́kadà ní kùtùkùtù, kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò má jẹ́ ẹni tí yóò tún un ṣe, kí ojúkòkòrò má bàa dá àléébù sílẹ̀. Kí wọ́n sì máa yan díẹ̀ nínú èyí tó ti yege láìròtẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tí kò wò, kí àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àkókò àti owó kò sí. Ilẹ̀ Faransé náà jà á bẹ́ẹ̀. Àwọn onímáṣíìnì wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwọ́de lòdì sí àyẹ̀wò kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Mo gbà pé owó ń dun tálákà. Èmi ni mo ṣírò owó fún wọn ní wọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn ń tọrọ owó kiri láti ra irin tí dókítà yóò fi to egungun itan. Kò sí bírékì ṣúù kan ní gbogbo ọjà Èkó tó wọ́n tó irin itan. Ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ igi kò sì tó oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ ṣúù yẹn ni mo ti ra ìwé ajákọ kan fún Honda bàbá mi. Bí Ọ̀gá bá yẹ̀ ẹ́ wò tán ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, èmi á kọ ọjọ́ sílẹ̀, òun á máa pe ohun tó rí, èmi á máa kọ ọ́, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ sí káàdì aláìsàn. Lẹ́yìn náà á tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Gírísì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í wá yíǹkì. Ojú ìwé kìíní ní, "Bírékì iwájú, awọ ń ṣí, a ti pààrọ̀ rẹ̀." Mo lẹ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ yẹn mọ́ ojú ìwé tó kọjú sí i. Ó ṣì funfun báláú. Kò sí gírísì kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì ìka ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí mo bá gba ìwé ẹ̀rí tí gírísì bá ti tọ́ díẹ̀, tí mo sì mọ ẹni tó ni ìka náà, ni n óò gbà pé wọ́n wo alùpùpù mi.